Ojú Tí Mo Lọ Tún Ṣe ní Ìkẹjà

Ọjọ́ kan wà tó gba yàrá sọ́kàn mi, tí kò sanwó ilé, tí kò sì fẹ́ kó jáde títí dòní. Ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti géètì ilé iṣẹ́ wa pa ní Ìkẹjà nítorí iná ìléru tó jó mi lójú. Gbogbo wọn ló ń bínú, gbogbo wọn ló ń kọrin. Èmi tí wọ́n torí ẹ̀ ń bínú nìkan ni mo mọ̀ pé iná ìléru kankan ò jó mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Abọ́ tánganran là ń ṣe nílé iṣẹ́ wa, abọ́ funfun tí wọ́n ya òdòdó sí nínú, irú èyí tí wọ́n máa ń dì fún ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ. Iwájú ìléru tí wọ́n ti ń sun abọ́ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Agége. Ìléru yẹn gbóná débi pé bí èèyàn bá tutọ́ sí i, itọ́ á ti gbẹ kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fún ojú pọ̀ nítorí ooru lójoojúmọ́, tó bá yá, ojú náà á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà náà, ṣùgbọ́n tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, àwọn tó jù mí lọ ló ń dìde fún mi. "Ẹ jókòó, bàbá." Mo máa ń jókòó. Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé lé wa lórí, ti jẹ gbogbo wa dé egungun, àwọn ológun sì wà lórí oyè, wọ́n ń sọ fún wa pé ká ní sùúrù. Irin tí a fi ń ṣe abọ́ ò wọlé bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó yí wa ká ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá mú máníjà tuntun dé fún wa, ará Íńdíà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, a sì gbọ́ pé dídín òṣìṣẹ́ kù ló bá wá. Làmídì ló gbé ìròyìn náà wá bá mi. Làmídì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di abọ́ sínú páálí. Ọ̀rẹ́ mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì. Àwọn àgbààgbà ló máa kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin yẹn ò ní wo fáìlì kankan o, ojú lásán ló máa fi yàn wọ́n."

"Ojú lásán?"

"Ojú lásán." Ó wá wo ojú mi, ó sì yára wo ilẹ̀.

Ilẹ̀ tó wò yẹn ló pa mí. Mo ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ilé iṣẹ́ wo ló tún máa gba ẹni tó ní irú ojú tí mo ní? Ẹ̀rù bà mí gidi, mi ò ní purọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo dígí, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

Ibi tí mo ti ń wo dígí kiri ni Kàsálì bá mi. Kàsálì ni àbúrò ìyàwó mi, òun ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ nílé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà, lápá ibi tí àwọn olówó ń gbé. Ó sọ fún mi pé dókítà àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan dé láti òkè òkun, lésà ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ló máa ń jáde látinú ẹ̀, tó máa jó awọ ojú tó ti hunjọ dànù kí tuntun lè hù. Ojú àwọn òyìnbó ni dókítà náà fi kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, ó wá ń wá àwọn aláwọ̀ dúdú díẹ̀ tó máa kọ́kọ́ lò ó fún. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti mọ̀ pé bí dókítà bá ń wá ojú tó máa fi dánra wò lọ́fẹ̀ẹ́, ó yẹ kéèyàn bèèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀. Èmi, "ọ̀fẹ́" ni mo gbọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí a ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni: abọ́ tí tánganran rẹ̀ bá ṣí, a óò tún un rì, a óò tún un sun, á sì jáde bíi tuntun. Kí ló wá dé tí ti ojú ò ní ṣeé ṣe?

Mo wọ aṣọ Jímọ̀ mi tó dáa jù lọ́jọ́ tí mi ò níṣẹ́, mo sọ fún ìyàwó mi pé ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà náà mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ sì tutù.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà?"

"Kọ́ńpìnnì."

Ó wo aṣọ mi, ó mi orí. "Àwọn ilà ojú yín yìí ńkọ́? Ṣé kí n bá yín dín in kù?"

"Rárá o, dókítà. Ilà yẹn kì í ṣe tèmi nìkan, ti bàbá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i po."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó pa ojú mi kú, wọ́n fi nǹkan bo ẹyinjú mi, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Mo kàn ń gbọ́ tí nǹkan ń ta pá-pá-pá. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan gba imú mi. Mo mọ òórùn náà dáadáa, òun ló máa ń gba fèrèsé bọ́ọ̀sì wọlé tí a bá ń kọjá lápá Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń fi iná jó irun ara ẹran. Mo ń rò ó pé irú ilé ìwòsàn wo ni wọ́n ti ń sun ẹran nínú ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi.

Nígbà tó parí, ó fi fásílíìnì kun gbogbo ojú mi, ó wé báńdéèjì mọ́ ọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin. Mi ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kàn án. Mi ò gbọdọ̀ họ ọ́, mi ò sì gbọdọ̀ ṣí èèpo rẹ̀ kó tó bọ́ fúnra rẹ̀. Kí n máa fi omi iyọ̀ tútù rẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n máa kun fásílíìnì, kí n máa fi ìrọ̀rí gbé orí sókè sùn. Oòrùn ò gbọdọ̀ tà á fún bí oṣù mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣókùnkùn ní àbùlẹ̀-àbùlẹ̀.

"Ooru náà ńkọ́?" ni mo bèèrè látinú báńdéèjì.

"Ooru wo?"

"Ti ìléru. Iwájú ìléru ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ sọ fún mi pé kọ́ńpìnnì lẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Inú kọ́ńpìnnì ni ìléru náà wà."

Ó wò mí títí. "Bàbá," ó ní, "ẹ ò gbọdọ̀ súnmọ́ sítóòfù kẹrosíìnì lásán, ká má tíì wá sọ ìléru."

Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi yọ ara mi níwájú ìléru nìyẹn, kí wọ́n má baà yọ mí níwájú ìléru.

Èrò ọkàn mi tẹ́lẹ̀ ni pé n ó gbé ojú tuntun wọlé, á sì ya ìyàwó mi lẹ́nu. Ó yà á lẹ́nu. Nígbà tí Kàsálì fà mí wọlé ní ìrọ̀lẹ́, orí mi ti wú, ètè mi ti nípọn débi pé wọn ò fẹ́ pàdé mọ́. Ìyàwó mi, Ìyá Ráfíù, wo báńdéèjì, ó ju ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Yéè! Iná ti jó ọkọ mi o! Iná ibi iṣẹ́ ti pa mí o!"

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe iná. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "mmm-mmm". Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá là ń gbé, tí ẹnì kan bá sín níbẹ̀, èèyàn mẹ́jọ ló máa kí i. Kí n tó jókòó, gbogbo ilé ti péjú, àwọn obìnrin ti káwọ́ lérí. Kàsálì ti búra fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ń lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu mi ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ọkùnrin tó ní ọmọ mẹ́rin, tó ní gọ̀mbọ́ lójú, tí gbogbo àdúgbò ti sunkún fún, ṣé ó wá lè dìde kó ní ẹwà lòun lọ wá? Mo ní kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná. "Ẹ kú ewu iná o, Bàbá Ráfíù." "Ẹ ṣeun." Ẹ rí i pé mi ò purọ́. Ẹ ṣeun ni mo sọ.

Ọ̀rọ̀ ò rọlẹ̀. Ó dé Abúlé Ẹ̀gbá, ó padà wálé. A kì í wá kí ẹni tó rí ewu iná lọ́wọ́ òfo, torí náà ẹni tó mú àdín wá, ó mú àdín wá, ẹni tó mú oyin wá, ó mú oyin wá. Mò ń gbà á, mò ń tò ó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa ò fún mi láàyè irú ẹ̀. Ó gbé ìgbín wọlé, ó fọ́ ìdí rẹ̀, kí n tó gbọ́wọ́ sókè ó ti da omi rẹ̀ sí mi lójú. Ó tutù, n ò ní jiyàn. Nígbà tó gbẹ ni ojú mi fà mọ́ra tí mi ò lè pa á dé. Mo lajú sílẹ̀ sùn lóru ọjọ́ náà, ìyàwó mi sì ń kéwú sí mi lórí.

Ọ̀rọ̀ ìrun tún wà níbẹ̀. Mo ránṣẹ́ bi Alfa àdúgbò wa pé kí ni kí ẹni tí kò lè bọ́jú ṣe nípa àlùwàlá. Ó ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ kan yanrìn tó mọ́, kó fi pa ojú. Mo fi pa ojú. Gbogbo ìrun tí mo kí lọ́jọ́ náà, omijé ń dà ní ojú mi, ìyàwó mi sì sọ fún àwọn èèyàn pé ewu náà ti jẹ́ kí n túbọ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run.

Èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nígbà tó yá. Awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ilà bàbá mi sì yọ gedegbe nínú ẹ̀. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé àtùpà súnmọ́ òun. "Ẹ wò ó," ó ní, "bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlà fún ìkókó." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn pé ara ti ń yá. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí ibi tó bá ká ló ń là.

Làmídì wá dé. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún òun, ọkàn mi ti pinnu ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fojú kàn mí báyìí, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀! Mo bi gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà níwájú ìléru, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ti dẹ́rù bà wọ́n!"

"Làmídì, bóyá lóòótọ́ ni wọn ò rí nǹkan kan."

"Ẹ gbọ́ ọ! Wọ́n jó ọkùnrin lójú tán, ó tún ń gbèjà wọn! Ẹ̀yin ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Ó ti jáde kí n tó rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Mo lè sáré tẹ̀lé e. Oòrùn wà níta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbé takisí wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní kí n wá jẹ́ kí ayé rí mi. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́. Ìyàwó mi fi gèlè rẹ̀ wé orí àti àgbọ̀n mi, ó fún mi ní agbòjò, ó ṣàdúrà. Nígbà tí a dé ilé iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò jáde. Ẹ sì rántí irú ìgbà tí a wà. Ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe eré nígbà àwọn ológun, ọkọ̀ ṣójà lè dé nígbàkígbà, ẹni tí wọ́n bá sì gbé lọ, ẹbí rẹ̀ ló máa wá a kiri. Làmídì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó gun orí àpótí igi kan, ó nawọ́ sí mi.

"Ẹ wo ojú bàbá yìí!"

Wọ́n wò ó. Wọ́n bú sórin. Orin náà dùn, ká ní kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kọ ọ́ lé lórí ni, ǹ bá bá wọn gbè é.

Máníjà jáde sí wa, òun àti ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé iná ti jó mi tó báyìí, mi ò lè dúró níwájú ìléru mọ́, ilé iṣẹ́ á jẹ́ kí n lọ sinmi nílé láti òní lọ, n kò sì gbọdọ̀ padà wá. Ẹni tó kó èrò jọ náà á bá mi lọ. Ó ní òun ti fóònù àwọn ṣójà.

Iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ jó ojú ló ń lọ yìí, ti Làmídì sì fẹ́ tẹ̀lé e.

"Kò sí iná," mo ní. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Mo gbé agbòjò sọnù. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí iná! Ìléru ò jó mi!"

Orin dákẹ́.

"Kí ló wá jó yín?" ẹnì kan bèèrè.

"Dókítà ni."

"Dókítà jó yín lójú?"

"Èmi ni mo ní kó jó o. Ó ti hunjọ jù. Mo fẹ́ kó dà bí ojú ọ̀dọ́, kí wọ́n má baà dá mi dúró."

Bàbá Rájí, tó dàgbà jù nínú gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níwájú ìléru, ló kọ́kọ́ ṣe "hìn-ín". Ó di ẹrín, ẹrín náà sì gba gbogbo ojú títì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì fara ti géètì. Làmídì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó sì gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí ojú ṣe lè tini lọ, àgàgà ojú tí kò ní awọ tó nípọn.

Máníjà bèèrè ohun tí mo sọ. Ọ̀gá tó ń túmọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yé e, máníjà súnmọ́ mi, ó wo iwájú orí mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ ojú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé dókítà náà ṣì ń gba èèyàn, nítorí ìyàwó òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní níwọ̀n bí kò ti sí ohun tó ṣe mí, kí n bọ́ síwájú ìléru lọ́la, kí Làmídì àti àwọn tó kù sì wọlé lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ó padà lọ fóònù pé kí àwọn ṣójà má wá mọ́.

Ìròyìn ti délé ṣáájú mi. Ìyá Ráfíù jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí.

"Ta lẹ fẹ́ dọ̀dọ́ fún, Bàbá Ráfíù?"

"Máníjà."

"Máníjà?"

"Máníjà."

Ó ní ká ní obìnrin ni, òun ì bá mọ ohun tóun máa ṣe.

Láàrin ojú àti oúnjẹ, èèyàn ò ní láti rò ó pẹ́. Mo bọ́ síwájú ìléru lọ́jọ́ kejì, mo fi aṣọ ìnura tútù bojú, tí kì í pẹ́ gbẹ. Ohun tí dókítà sọ ṣẹ pátápátá: ojú mi dúdú ní àbùlẹ̀-àbùlẹ̀, ìhunjọ náà sì ti padà sílé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó tún mú ẹbí wá. Mo lọ fi han dókítà. Ó ya fọ́tò mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní á wúlò láti fi han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n wá dín òṣìṣẹ́ kù lóòótọ́, máníjà ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá Rájí, tí ojú rẹ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá, kò kúrò níbì kankan. Èmi náà ò kúrò. Làmídì, tí ojú rẹ̀ ń dán bí abọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kó ẹrù. Ó dùn mí wọra. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ géètì. Mo gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sìn ín, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi bí a ṣe ń lọ pé ká ní mo bi ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ tí mò ń bi dígí, gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀. Dígí kì í gbani síṣẹ́, kì í sì í dáni dúró. Mo ní kó má bínú sí mi.

Làmídì gba báàgì rẹ̀ padà. Ó wo àbùlẹ̀ ojú mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "dókítà yín yẹn, ṣé ó lè bá mi fi ìhunjọ díẹ̀ sí tèmi?"

A dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì tí Làmídì ń dúró dè fi kọjá lọ.